Ìwọ̀n Òòjọ́

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 16:11–31

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ìran ńlá tàbí àṣeyọrí ọjọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kan ṣoṣo ni, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti gbààwẹ̀ nítorí ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì jókòó béèrè lọ́wọ́ Olúwa ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe láàárín aago márùn-ún sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ òní.

Ikpoba Hill ni mo ń gbé ní ìlú Benin. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ọ̀nà tó ti Ring Road wá máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí odò Ikpoba, á tún gun òkè wá sọ́dọ̀ wa, kí ó tó forí lé Agbor àti Asaba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn onímọ́tò ti ń pe èrò ní Ramat Park, tí àwọn ìyá alákàrà sì ti dáná. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá ara wọn yá sí i. Bí ìyá alákàrà bá dáná ní aago mẹ́sàn-án, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti jẹun níbòmíràn. Kristẹni tó ń kàwé náà ní àkókò tirẹ̀, àkókò yìí kò sì ní dúró dè é.

Nínú Ẹ́kísódù orí 16, ebi ń pa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù, Ọlọ́run sì ṣèlérí oúnjẹ fún wọn láti ọ̀run. Ó lè rọ òjò oúnjẹ ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fún wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní ẹsẹ kẹrin: ó fẹ́ dán wọn wò bóyá wọn yóò rìn nínú òfin òun. Bí a ṣe ń lo ọjọ́ wa jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbọràn. Ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan mẹ́rin nínú orí yìí.

Èkíní, òwúrọ̀ ni wọ́n ń kó mánnà. Ẹsẹ 21 sọ pé nígbà tí oòrùn bá mú, yíyọ́ ni ó ń yọ́. Àwọn ará Edo tí mo ń bá gbé ní àṣà kan tí ó máa ń wú mi lórí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó tan mọ́ ìdílé ọba, bí àpẹẹrẹ, a máa kí ni “Lamogun”. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa a kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó bá iṣẹ́ míì lọ, a sì máa ti ẹnu rẹ̀ mọ ilé tí ó ti wá. Àwa Yorùbá náà mọ irú ẹ̀kọ́ ilé bẹ́ẹ̀. Ta wá ni àwa ń kọ́kọ́ kí bí a bá jí? Bí ọwọ́ wa bá kọ́kọ́ na sí fóònù, ilé ta ni ìkíni wa fi hàn pé a ti wá?

Ẹnì kan lè ní, “Iná kò dúró sójú kan, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní ètò?” Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a so ọjọ́ wa mọ́ ìgbà tí iná bá dé. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kì í pẹ́ dé. Èmi máa ń fi ìwé kíkà àti ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ kọ sí ìgbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń fi sílẹ̀ de iná. Bí iná bá dé, ọpẹ́ ni. Bí kò bá dé, mo ti kó mánnà tèmi.

Èkejì, ó ní ìwọ̀n. Ómérì kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní sáà kan, arábìnrin kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ti di kárí-ófà sí i lọ́rùn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bí èsì tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, ó lè di ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ní, “Bọ̀dá, mo fẹ́ fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀.” N kò sọ pé kí ó fi í sílẹ̀, n kò sì sọ pé kí ó má fi í sílẹ̀. Mo ní kí ó fi ọjọ́ méje kọ ibi tí wákàtí rẹ̀ ń lọ, kí ó má sì parọ́ fún ìwé náà.

Nígbà tó padà dé, a jọ ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ gba wákàtí mọ́kànlá. Ìwé kíkà gba mẹ́rin. Fóònù gba mẹ́rìnlélógún, ìyẹn ọ̀sán kan àti òru kan gbáko nínú ọ̀sẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó wá ní, “Bọ̀dá, mo rò pé Ọlọ́run ló ń gba àkókò mi.”

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. À ń ti ẹ̀bi mọ́ iṣẹ́ Olúwa lọ́rùn fún ohun tí iṣẹ́ Olúwa kò jẹ. Àwọn òbí tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ wa gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ kí ọmọ wọn fìdí rẹmi, orúkọ Kristi ni ó sì ń gba ẹ̀gàn. A yan ómérì kan fún arábìnrin yìí: wákàtí méjì ìwé kíkà ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àdúrà, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ó tún fa díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìparí sáà, ó yege nínú méjì nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta náà. Ó tún fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kẹta, ó sì ń kà á lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ̀kẹta, tàná kì í ṣe tòní. Àwọn tó fi mánnà pamọ́ di ọjọ́ kejì bá ìdin nínú rẹ̀. A kò lè fi òru kan ṣoṣo kó mánnà oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń ka TDB ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò mọ ohun tí mò ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà òru àjíǹde kò lè dípò àdúrà ọjọ́ Tuesday lásán.

Ẹ wo Bíbélì Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n mú Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ní 1850, ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde. Odindi Bíbélì kò parí títí di 1884. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín méjèèjì, Crowther àti àwọn bíi Thomas King sì ń ṣe é ní ẹsẹ-ẹsẹ, pẹ̀lú iṣẹ́ ìwàásù àti ìrìn-àjò. Kò sí òru kan tí a lè fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ lásán tó pọ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, ìsinmi wà nínú ètò náà. Ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń kó. Ní ọjọ́ keje, kò sí nǹkankan ní pápá. Àwọn kan jáde lọ wá a, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ nínú ẹgbẹ́, ọjọ́ Sunday ni iṣẹ́ yín pọ̀ jù. Ẹ wá ọ̀sán kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi sùn, tí ẹ ó jẹun, tí ẹ ó bá ìyá yín sọ̀rọ̀ láìkánjú. Ọlọ́run kò sọ ara tí ó fún wa di ẹrù ìyà.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ètò a máa pa iná Ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì 6:10 sọ fún wa pé nígbà tí òfin ọba jáde, ọkùnrin náà gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìgboyà kiri. Fèrèsé rẹ̀ ti máa ń ṣí. Olúwa wa pàápàá ní ìṣe rẹ̀: Lúùkù 4:16 sọ pé ó máa ń lọ sí sínágọ́gù ní ọjọ́ ìsinmi, Máàkù 1:35 sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ó dìde ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́, láti gbàdúrà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ṣe ohun mẹ́ta. Ẹ kọ ibi tí wákàtí yín ń lọ fún ọjọ́ méje. Ẹ yan ómérì kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè kó o ní ọjọ́ tí ara kò yá. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bi yín. Bí ọjọ́ kan bá bọ́, ẹ má ṣe ní kí ọjọ́ kejì san gbèsè rẹ̀; ẹ kó ti ọjọ́ kejì.

Olúwa, kọ́ wa láti máa ka ọjọ́ wa. Gba òwúrọ̀ wa lọ́wọ́ ohun tí kò lérè. Ràn àwọn tí ìwé ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́, kí o sì fún wa ní ìwọ̀n tòní, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.