Ọdún Tí A Bí Ọmọ Kò Sọ Ìwà Rẹ̀

A bẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Ọlọ́run Ọba, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń ṣòwò, tí a jọ ń tọ́mọ ní ilẹ̀ Haúsá,

Nínú ẹrù Ṣáínà tí àwa oníṣòwò ń tú, a máa ń rí kàlẹ́ńdà tí a ya ẹranko sí. Àwọn ọmọ kéwú wa rí ọ̀kan, wọ́n sì ń fi ka ìwà ara wọn. Ọmọbìnrin kan tí a bí ní 2014 sunkún wá bá wa. Wọ́n ní ọdún ẹṣin ni tirẹ̀, pé kò ní gbọ́ràn, kò sì ní jókòó nílé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa. Ẹranko 12 ni àwọn ará Ṣáínà fi ń ka ọdún, láti orí èkúté títí dé orí ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí a bí ní ọdún ẹṣin a máa yára, a máa lágbára, kì í fẹ́ kí a so òun mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ sì tètè ń ru. Wọ́n tún fi igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi kún un. Nítorí náà, ọdún 60-60 ni ọdún ẹṣin oníná ń yípo dé: 1906, 1966, àti 2026.

Àwọn ará Jàpáànì gba ìṣírò yìí lọ́wọ́ Ṣáínà. Wọ́n wá ń sọ pé obìnrin tí a bí ní ọdún ẹṣin oníná yóò pa ọkọ rẹ̀ lára. Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ní 1965, ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.8. Ní 1966, kò tó mílíọ̀nù 1.4. Ní 1967, ó tún lé ní mílíọ̀nù 1.9. Àwọn kan sá fún oyún, àwọn kan ṣẹ́ ẹ, àwọn mìíràn yí ọjọ́ ìbí ọmọ wọn padà nínú ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ tí a kò tíì bí ṣẹ̀?

Ẹ rántí àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan tí wọ́n ń rì ọmọbìnrin wọn mọ́lẹ̀ láàyè. Alùkùránì dá wọn lẹ́bi, ó sì fi yé wa pé ọ̀rọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní kọjá láìsí ìbéèrè lọ́jọ́ ìdájọ́. Ẹ tún rántí ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kú, tí oòrùn sì ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní nítorí rẹ̀ ni. Tòun ti ọ̀fọ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, Ànábì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni.

Ẹ má wulẹ̀ fi àwọn ará Ṣáínà rẹ́rìn-ín. Àwa áàfáà ńkọ́? Ṣebí àwọn kan nínú wa ń ṣírò orúkọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin pọ̀, wọ́n a ní ìràwọ̀ wọn kò bára mu, àdéhùn ìgbéyàwó a sì fọ́, owó a wọ àpò áàfáà. Àwa tí a mọ kéwú ni kí a kọ́kọ́ tún ara wa ṣe. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ kádàrá.

Ẹṣin gan-an, àwa tí a ń gbé láàárín Haúsá mọ̀ ọ́n. Méjì tí a bí lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan a máa tapá, èkejì a gba ìjánu, nítorí ọwọ́ tí ó tọ́ wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

A bi ọmọ náà pé: “Ta ni ó ń kọ́kọ́ dé ilé-kéwú? Ta ni ó ń fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ wá?” Ó ní òun ni. A ní: “Ìwà rẹ nìyẹn.” Ó nu ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọdún ìbí ṣe èpè fún ọmọ yín. Ọlọ́run kí ó tọ́ wọn fún wa, kí ó má jẹ́ kí a ṣìnà. Àmín.