Ẹ Padà Wá ní Sátidé

Ojú àwọn ará Ìkòtún ní Èkó ti là sí àlejò tó bá tìtorí Ọlọ́run wá. Nígbà ayé T.B. Joshua, tó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn èèyàn ń ti South Africa, Zimbabwe àti ibòmíràn wá sí Synagogue, ìjọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀, onílé ń sọ yàrá di hòtẹ́ẹ̀lì, ọlọ́kọ̀ ń dúró dè wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn wá gba ìbùkún ni, wọ́n sì mú owó dání. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, wọ́n wá fúnni ni, wọn ò sì ní owó tí wọn ó ná fún ẹnikẹ́ni. Irú àlejò kejì yìí ni a fi ń mọ bí ìwà wa ṣe tó.

Ẹ ti rí wọn rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, ẹ̀wù funfun, táì lọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìjẹ̀gun nígbà tí gbogbo ayé ń du kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan wà láyà wọn tí a kọ orúkọ sí. Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ló rán wọn, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mọ́nì bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2018 ni olórí wọn nígbà náà, Russell Nelson, ti bẹ̀bẹ̀ pé ká jáwọ́ nínú orúkọ yẹn. Ọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti ọmọ ọdún 18, yóò sì fi ọdún méjì ṣe é. Obìnrin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 18 báyìí (19 ni títí di ọdún 2025), oṣù 18 ni tiwọn. Wọn kì í gba owó oṣù. Owó tí wọ́n tọ́jú, èyí tí ẹbí àti ìjọ dá sí i, ni wọ́n fi ń jẹun. Wọn kì í sì í yan ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́tà ló ń ti Salt Lake City jáde, ibi tó bá dárúkọ náà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń rí níbí kì í ṣe òyìnbó, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n. Ghana ni ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà tiwa wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n pè ti gbà kọjá kí wọ́n tó lọ síbi tí wọ́n rán wọn.

Ìgbé ayé wọn le. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n máa ń jí. Wọ́n á na ara, wọ́n á ka ìwé mímọ́, kálukú lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì jáde títí alẹ́. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, iná gbọ́dọ̀ kú. Ẹni tí ìjọ bá fi tì ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lo máa bá gbé. Ibi tó bá lọ lo lọ, bó ń hanrun o, bó ń bínú o. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń lọ sọ́jà, tí wọ́n sì ń pe ilé. Ṣáájú oṣù Kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n máa ń gbọ́ ohùn ìyá wọn lórí fóònù. (Ẹ bi ọmọ tiyín bó bá lè ṣe ọjọ́ kan láìfọwọ́ kan fóònù.) Mo rí ọmọ Ghana kan nínú wọn ní Ọjà Ìkòtún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ń ná ata. Ó kí ìyá aláta pé “Ẹ kú ọjà, mà,” ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kí. Aláta bu èènì sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan á ní òfin ló ń mú wọn hùwà, kì í ṣe ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ díẹ̀. Òfin lè jí ènìyàn láàárọ̀, ó lè mú un sùn lálẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ òfin tó ní kí ọmọ ẹlòmíràn fara mọ́ ọn kí àwọn aláta fi òun rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìdílé ni wọ́n sì kọ sára nǹkan dúdú àyà wọn yẹn, pẹ̀lú orúkọ ìjọ. Orúkọ tí ìyá ń pe ọmọ kò sí níbẹ̀. Àwọn òbí wa tó máa ń sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé “rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe” kò ní nǹkan tuntun láti kọ́ lára ẹni tó gbé e kọ́ àyà rìn. Bí a bá ń wo ìwọ̀n ọmọlúàbí, wọ́n gba máàkì nínú iṣẹ́, nínú ìfaradà, nínú ìtẹríba pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ṣì ń na ọwọ́ sí àgbà láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀. Ìyẹn á tètè tán. Òótọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, àwa tí a gbà wọ́n lálejò ni màá sì kọ́kọ́ bá wí.

Mo jókòó sí ìsọ̀ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nígbà tí méjì nínú wọn yà síbẹ̀. Ọ̀gá nu epo kúrò lọ́wọ́, ó gbọ́ tiwọn, ó bi ọ̀kan, ọmọ Ghana, léèrè ilé, ó ra píọ̀ wọ́tà fún wọn. Ó wá ní, “Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Ẹ padà wá ní Sátidé, aago mẹ́rin, ilé ni kí ẹ wá, kí ìyàwó mi lè gbọ́.” Ó júwe ilé, ó ní kí wọ́n wo géètì aláwọ̀ ewé. Ọmọ náà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Wọn ò tíì yà sí kọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi yíjú sí mi: “Sátidé wo? Àwọn ọmọ yìí mà ń gbìyànjú o!” Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Wọ́n dé ní aago mẹ́rin géérégé. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró lẹ́yìn géètì, ó ní, “Dádì ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé.”

Mo mọ àwíjàre wa. A ò fẹ́ já ènìyàn sílẹ̀, a ò fẹ́ kí ojú ti àlejò. Láàárín ara wa, “a máa rí i” kì í ṣe irọ́, nítorí ẹni tí a sọ ọ́ fún mọ̀ pé kò sí ohun tí a máa rí. Ṣùgbọ́n àjèjì ò mọ̀. Ìlérí ló gbọ́, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni yóò rìn láti Abáranjẹ́ nínú oòrùn wá sí ẹnu géètì tí wọ́n ti tì mọ́ ọn. Ìran tí wọ́n lé ní Ghana ní 1969, tí ìjọba tiwa sì tún lé ará Ghana ní 1983, mọ ohun tí ojú àlejò ń rí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nínú ọ̀ràn ọ̀gá yìí, owó píọ̀ wọ́tà méjì ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ló sì dùn mí jù. Ilé la ti ń kọ́ ọmọ ní ọmọlúàbí, òun náà sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé àwọn míṣọ́nnárì mọ́ ní tiwọn. Láti ọdún 1852 títí di oṣù Kẹfà ọdún 1978, ìjọ wọn kì í fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà, oyè tí kálukú ọkùnrin wọn yòókù ń jẹ. Láàárín àkókò náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìlà oòrùn ń kọ lẹ́tà lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Ní 1963, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà, Ambrose Chukwu, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook pé ẹ̀sìn tó kà wá sí ẹni ẹ̀yìn ni, ìjọba ò sì fún àwọn aṣojú wọn ní físà. Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1978 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna ní ilẹ̀ Ìgbò, lẹ́yìn tó ti kọ lẹ́tà fún ọdún bíi mélòó kan. Bí olùkọ́ kan bá bi ọmọ ọdún 19 léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní Ìkòtún, kí ni yóò sọ? Mo ti gbọ́ ẹni tó ní “ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.” Mo sì ti gbọ́ ẹni tó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni, kò sì dùn mọ́ mi.” Ìjọ rẹ̀ gan-an ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013 pé àwọn ò gba àwọn àwíjàre àtijọ́ tí wọ́n fi ń ti òfin náà lẹ́yìn mọ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sá sínú àdúrà kò yàtọ̀ sí ọ̀gá alátùn-únṣe wa. Òun náà sọ pé Dádì ò sí nílé.

Alhájà kan wà ní òpópónà wa tí kò fi nǹkan bò. Ọjọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Mùsùlùmí ni mo ti wà, ibẹ̀ náà ni màá kú sí. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí tèmi. Ṣé ẹ ti jẹun?” Wọ́n jẹ iṣu, wọ́n bá a gbé àpò gàrí wọlé. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìkí i, òun náà sì ń tún Yorùbá ọmọ Ghana inú wọn ṣe, nítorí ọmọ náà máa ń kí i “ẹ káàárọ̀” ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí àdúgbò mìíràn, bí ìjọ wọn ti máa ń ṣe, ó wá dágbére fún un. Alhájà bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa fi sínú àdúà.

Mo gbé jẹnẹrétọ̀ lọ fún ọ̀gá láìpẹ́ yìí, ó tún ti bàjẹ́. Ọ̀gá ní, “Àwọn ọmọ Ghana yẹn ò yà mọ́ o. Àbí mo ṣẹ̀ wọ́n ni?” Mo ní kó bi ọmọ rẹ̀.