Níbo Ni "Ibí" Wà Nínú Git?

"Ibí" kò ní ibùgbé tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ lé. Nínú Git, ètò tó ń tọ́jú àtúnṣe kóòdù, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ló dúró fún un. Ẹni tó wà nínú fódà docs tó tẹ `git add .`, ohun inú docs nìkan ló kó. Àtúnṣe inú fódà kejì, src, ṣì wà níta. `git commit`, tó ń fi ohun tí a ti kó pamọ́, ní tirẹ̀ kì í bèèrè ibi téèyàn dúró sí.

`git add -u`, tó ń kó àtúnṣe àwọn fáìlì tí Git ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ló le: kí ni ẹni tí kò dárúkọ ibì kankan ní lọ́kàn? Tẹ́lẹ̀, Git gbà pé "ibí" ni. Láti Git 2.0, lọ́dún 2014, gbogbo fódà iṣẹ́ náà ni. Èyí tọ́, torí ẹni tó dákẹ́ kò tíì sọ pé "ibí". Ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́ á tẹ `git add -u .`