Ẹ Ka Ara Yín Lálọ, Ẹ Ka Ara Yín Lábọ̀

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:9-44, Lúùkù 2:41-46, Lúùkù 15:3-6

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ibi Bíbélì tó wà lókè yìí kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ìpàdé ẹbí a máa pọ̀ ní agbègbè wa, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndo. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun á wálé, àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Àbújá á wálé. Láyé àtijọ́, bí a bá ti pa ewúrẹ́ kan, tí a se ìrẹsì, tí a sì ya fọ́tò, ó parí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fẹ́ ìgbafẹ́. Nínú ìdílé tiwa, wọ́n ní etíkun Àgbádárìgì ni àwọn fẹ́ lọ lọ́dún yìí, àwọn fẹ́ lọ pẹja. Kò yà wá lẹ́nu. Ọmọ tí a bí sí Ìgàndo, tó dàgbà sí Ìgàndo, ibo ni yóò ti rí ẹja tó ń mí? Kòtè àti Títù inú páálí ní ọjà Ìkòtún ni ó mọ̀, èyí tó ti dì gbagidi.

Ohun tó gba àròjinlẹ̀ ni pé àwa 64 ni orúkọ wa wà nínú ìwé, láti orí ìyá wa àgbà tó ti lé ní 80 ọdún, dé orí ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́rin. Kíkó irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ sójú omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ wo ohun kan ṣoṣo nínú Ìwé Mímọ́, èyí ni kíkà.

Àwọn baba wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. A mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀: ọmọ kì í ṣe owó, ọmọ kì í ṣe ẹran ọ̀sìn tí a fi ń yangàn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kíkà méjì ló wà. Kíkà ọjà wà, kíkà ìfẹ́ sì wà. Olùṣọ́ àgùntàn tí Olúwa wa fi pa òwe nínú Lúùkù orí 15 ní 100 àgùntàn, ọ̀kan sì sọnù. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: báwo ló ṣe mọ̀? Àgùntàn 99 ṣì wà níwájú rẹ̀, agbo ṣì kún lójú. Ó mọ̀ nítorí pé ó kà wọ́n. Ẹni tí kò bá kà kò lè mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù, ẹni tí kò bá sì mọ̀ kò ní wá a lọ.

Ẹ tún wo Jósẹ́fù àti Màríà nígbà tí wọ́n ń ti àjọ̀dún Ìrékọjá bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù. Èrò pọ̀ lọ́nà, ẹbí àti ojúlùmọ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n rò pé ọmọ wà láàrín èrò. Wọ́n rin odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó sì di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i nínú tẹ́ḿpìlì. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí òbí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yàn, ta ni àwa? Nínú ẹbí ńlá, ojú pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú kọ́ ní í ṣọ́ ọmọ. Ojú tí a bá yàn fún un ní í ṣọ́ ọ. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn sì ti ṣẹlẹ̀. Omi kì í dúró de ọjọ́ kẹta.

Ẹ wá jẹ́ kí a bá Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Láàrín ìjì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ ìrètí nù, Lúùkù tó kọ ìwé náà ráyè sọ iye wọn fún wa: ènìyàn 276. Nígbà tí ìtàn náà sì parí, ó ní gbogbo wọn ló gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Ọkọ̀ fọ́, ẹrù ṣòfò, ṣùgbọ́n iye ènìyàn pé. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ níbẹ̀.

Èkínní, a gbọ́dọ̀ mọ ìgbà. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wọn pé àkókò tó dára láti wọkọ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá atukọ̀ àti ọlọ́kọ̀ ni balógun ọ̀rún gbà gbọ́. Òkun tiwa náà ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, ìgbì a máa le ní etíkun Èkó. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ojú ọ̀sà láàárọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò ní rí iwájú rẹ̀ dáadáa. Oru sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní agbègbè Pátígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kan lóru. Èrò inú ọkọ̀ náà pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọkọ̀ náà dànù, ó sì lé ní 100 ènìyàn tó kú. Inú ayọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú.

Nítorí náà, a ti fẹnu kò pé agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni a ó gbéra ní Ìgàndo, a ó gba ojú ọ̀nà LASU já sí Ìyànà-Ìbà, kí a tó mú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé àwọn asọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ níbẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò sì ṣọ̀wọ́n. Bí kùrukùru bá wà, a ó jókòó ní èbúté títí yóò fi ká. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa gbọ́dọ̀ ti padà sí òdì-kejì. Bí òjò bá ṣú, a kò ní wọ ọkọ̀ rárá, ì báà jẹ́ pé a ti sanwó.

A tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó lórí omi, kí ti ọmọdé sì jẹ́ ìwọ̀n ọmọdé. Àwọn kan nínú ẹbí ní ẹni tí Ọlọ́run bá ń ṣọ́ kò nílò irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sínú Bíbélì yín. Áńgẹ́lì ti sọ fún Pọ́ọ̀lù pé ẹ̀mí ẹnì kan kò ní ṣòfò. Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n jẹun, wọ́n mú kí ọkọ̀ fúyẹ́, wọ́n sì fi pákó wẹ̀ dé èbúté. Ìlérí Ọlọ́run kò sọ pákó di ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá gba tirẹ̀ lọ. Àwọn atukọ̀ ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ju ìdákọ̀ró, wọ́n sì sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ láti sá lọ. Pọ́ọ̀lù ní bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, àwọn tó kù kò ní là. Nínú ẹbí, ọkọ̀ kékeré yìí pọ̀. Ẹni tó ní mọ́tò á ní òun yóò dá lọ, kí àwọn tó kù máa fún ara wọn mọ́ danfó. Ẹni tí owó rẹ̀ tó á ní kí a gbé iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá sókè, kí ìgbafẹ́ lè dùn.

Ní ìpàdé wa kejì, ìyàwó àbúrò wa tó ti di olóògbé dìde jẹ́jẹ́. Ó ní òun àti àwọn ọmọ òun mẹ́rin kò ní lè lọ, kí a máa gbádùn, òun yóò máa gbàdúrà fún wa. Gbogbo ilé mọ̀ pé owó ni kò ká. Akọ̀wé ti mú bírò láti fa igi sí orúkọ àwọn márààrún, kí 64 di 59. Ìyá àgbà tí a rò pé ó ti ń tòògbé lórí àga gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ẹ má pa orúkọ ọmọ mi rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a yí ètò padà. Idílé kọ̀ọ̀kan yóò fi ohun tí agbára rẹ̀ ká sínú àpòòwé, yóò fún akápò ní kọ̀rọ̀, a kò sì ní ka iye owó ẹnikẹ́ni sétí ìpàdé. A dín oúnjẹ kù, a yọ aṣọ ẹbí kúrò. 64 ṣì jẹ́ 64. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wo ìwé ètò ẹbí yín. Bí owó bá ti ń pé tí ènìyàn ń dín, ètò náà kò tíì pé.

Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù gúnlẹ̀ ní ọ̀nà tí agbára rẹ̀ mọ. Balógun ọ̀rún ní kí àwọn tó mọ omi wẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sómi, kí àwọn tó kù gun pákó àti àfọ́kù ọkọ̀. A kò bú ẹni tí kò mọ omi wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a fi ètò ẹja pípa sí. A kò ní kó ènìyàn 64 lọ sínú agbami. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn ní etíkun yẹn ní àwọ̀n ńlá kan tí wọ́n ń fà láti orí iyanrìn. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni yóò gbé àwọ̀n náà wọ inú òkun, tí yóò fi yí ká, okùn rẹ̀ méjèèjì á sì wà lọ́wọ́ àwọn tó wà létí omi. Ọwọ́ ọ̀tún á máa fà, ọwọ́ òsì á máa fà. Bí apá kan bá yára ju èkejì lọ, ẹja á sá. Baba arúgbó lè di okùn mú, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dì í mú, kò sì sí ẹni tí yóò kọjá ibi tí omi dé kókósẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ bá olórí àwọn apẹja sọ̀rọ̀, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí owó iṣẹ́ àti bí a ó ṣe pín ẹja, kí ìjà má bàa wáyé létí òkun. Kò sí lílúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rárá, nítorí omi òkun wa a máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ wọ inú.

Nínú Jòhánù orí 21, àwọn ọmọ ẹ̀yìn fa àwọ̀n wálẹ̀, wọ́n sì ka ẹja inú rẹ̀: 153. Bí ẹja bá yẹ ní kíkà, mélòó-mélòó ni ọmọ ènìyàn!

Àgbádárìgì tí à ń lọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, pẹ̀lú William de Graft, tí a fi gbọ́ ìwàásù ìhìnrere lábẹ́ igi Àgíyà. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà níbẹ̀, a ó sì fi í han àwọn ọmọ. Àmọ́ omi tí ìhìnrere gbà wọlé náà ni ẹrú gbà jáde. Wọ́n a kó àwọn ènìyàn wa kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ òkun. A kà wọ́n dáadáa o, nítorí pé owó ni wọ́n lójú ẹni tó rà wọ́n. A kà wọ́n lálọ. Kò sí ẹni tó kà wọ́n lábọ̀. Kíkà ọjà nìyẹn. Kíkà ìfẹ́ kì í dúró sí àlọ.

Àwa tí a fi ọjọ́ ayé wa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì là ń pe orúkọ lójúmọ́, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Olùkọ́ tó pe ti àárọ̀ tí kò pe ti ọ̀sán kò ní mọ ọmọ tó ti gba ojú fèrèsé lọ. Ní ọjọ́ náà, àgbàlagbà kan ni yóò máa mójú tó ọmọ mẹ́rin, yóò mọ orúkọ wọn, a ó sì pe orúkọ nígbà mẹ́rin: kí a tó kúrò nílé, kí a tó wọ ọkọ̀ omi, kí a tó padà wọ̀ ọ́, àti nígbà tí a bá délé. Awakọ̀ kò ní ṣí ẹ́ńjìnnì títí iye yóò fi pé.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìgbafẹ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó lé ní mílíọ̀nù kan. Láàrín irú èrò bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí ènìyàn kan sọnù láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjọ wa fi ní kíláàsì àti olórí kíláàsì. Ta ni a kò rí nínú ẹgbẹ́ wa láti oṣù méjì? Ta ni kò wá nítorí pé kò ní owó aṣọ ẹgbẹ́? Ta ni opó tí a ti fa igi sí orúkọ rẹ̀ láìmọ̀? Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kan ilẹ̀kùn ilé ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tí o mọ iye irun orí wa, fún wa ní ọkàn tí í ka ẹnìkejì. Pa àwọn tó ń rìnrìn àjò mọ́ lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Bí a bá ti kà wá lálọ, jẹ́ kí a kà wá pé lábọ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn tí a ó pe orúkọ ní òkè, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa wọ́n. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.