Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Iṣẹ́ Kì í Pa Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, tó gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó lọ, tí kì í ṣe pé ó lọ roko, tí kò dẹ ìgbẹ́, tí kò ṣẹ́gi, tó kàn ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín, kí lẹ ó pè é? Èmi mọ ohun tí mo máa ń pe irú wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè wọ́n. Ọ̀lẹ tó rówó ra kẹ̀kẹ́.

Àfi ìgbà tó wá kan èmi náà.

Ìlú Minneapolis ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lápá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ti wà ní yunifásítì, ló wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ sí Cuyuna, ẹ máa gbádùn ẹ̀." Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ó ní kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn nínú igbó. Mo ní ṣé wọ́n máa ń sanwó fún ẹni tó bá gùn ún ni? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Rárá o, Dádì. Àwa la máa sanwó láti yá kẹ̀kẹ́ fún yín."

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá mi ní, kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ ni. Òun ló fi ń kó àpò kòkó láti oko wálé, òun ló fi ń gbé iṣu lọ sọ́jà. A kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Bí a bá sì ráhùn pé ó rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń fi dá wa lóhùn: "Iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé dé Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ló kọ́ ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bóyá ohun tó jẹ́ kí n gbà láti bá a lọ nìyẹn.

A wakọ̀ fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀ kí a tó dé ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Crosby. Igbó ló yí i ká, igi páìnì àti àwọn igi kan tí èèpo wọn funfun bí ẹfun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ó pupa rúsúrúsú bí ọ̀nà oko wa nílé! Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ú lọ́wọ́, ọwọ́ mi pupa. Irin ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló máa débẹ̀ tí kò ní rántí Ògún?

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cuyler Adams ló ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì òun kì í dúró dáadáa ní agbègbè náà, ló bá fura pé irin wà lábẹ́ ilẹ̀. Ajá rẹ̀ ń jẹ́ Una. Wọ́n fa díẹ̀ yọ nínú orúkọ ọ̀gá, wọ́n fi orúkọ ajá kún un, ó di Cuyuna. Láti ọdún 1911 ni wọ́n ti ń kó òkúta irin jáde níbẹ̀. Èròjà máńgáníìsì wà nínú rẹ̀, èyí tó mú kó wúlò gan-an nígbà ogun àgbáyé méjèèjì. Nígbà tó di ọdún 1984, iṣẹ́ parí pátápátá. Àwọn tó wa ilẹ̀ kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi kòtò àti òkìtì sílẹ̀. Omi kún inú kòtò, ó di adágún. Òmíràn jìn ju 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Igi hù lórí òkìtì. Ní 1993, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ìgbafẹ́. Ní 2011 ni wọ́n ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tó máìlì 25, wọ́n sì ti fi kún un dáadáa láti ìgbà náà.

Orúkọ iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà. Haul Road ni ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ẹrù; Timber Shaft ni òmíràn, ìyẹn ihò tí wọ́n ń gbà sọ igi sísàlẹ̀ fún àwọn tó ń walẹ̀. Mo dé akoto, mo gun kẹ̀kẹ́. Kí n má purọ́, ìṣubú àkọ́kọ́ kò pẹ́ rárá. Mo fún bíréèkì iwájú pọ̀ jù, mo sì bá ara mi nínú ewé. Ọmọ mi ní, "Ẹ má wo òkúta tí ẹ kò fẹ́ kọlù, Dádì. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ máa wò." Ó ń fi sùúrù kọ́ mi, bí ó ti yẹ kí n fi kọ́ ọ nígbà kan.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀. Èèwọ̀ ni kí èèyàn gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tó bá rọ̀, torí táyà á ya ilẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ á sì bàjẹ́. Ni a bá wakọ̀ lọ sí Milford, tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1924, èèyàn 48 wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ibi ìwakùsà Milford. Wọn ò ní pẹ́ ṣíwọ́ nígbà tí ilẹ̀ ya lójijì, tí ẹrẹ̀ àti omi adágún Foley sì ya lù wọ́n. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ibẹ̀ fi kún. Àwọn 7 péré ló gun àkàsọ̀ jáde, 41 kú. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Clinton Harris ì bá sá, ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń fa okùn fèrè ìkìlọ̀ kí àwọn yòókù lè gbọ́. Fèrè náà ṣì ń dún fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí omi ti bò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Frank Hrvatin, wà nínú àwọn 7 tó yè. Bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn 41. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí òkú gbogbo wọn gbé jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ibẹ̀ padà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ náà jẹ́ ti àwọn tó ti òkèèrè wá wá iṣẹ́, bíi tèmi. Mo dúró síwájú wọn, ọ̀rọ̀ bàbá mi sì sọ sí mi lọ́kàn. Bàbá mi, ẹ foríjì mí. Iṣẹ́ pa èèyàn níbí.

Ọmọ mi wá béèrè pé, "Dádì, ṣé ó dáa ká máa ṣeré lórí ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ti jìyà báyìí?"

N kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nìyí. Kí ni àwọn èèyàn wọ̀nyẹn tìtorí rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ? Kì í ṣe torí irin. Wọ́n wọlé kí ọmọ wọn lè jẹun, kó sì lè dàgbà wá ṣe ohun tí àwọn kò ráyè ṣe. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ń rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ náà lónìí, n kò rò pé ó bú wọn. Ohun tó lè bú wọn ni kí á ṣeré tán kí á má béèrè ẹni tó gbẹ́ kòtò. Ohun mìíràn tó lè bú wọn ni kí á ṣiṣẹ́ títí, kí á má béèrè ẹni tí à ń ṣe é fún. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì yìí ni tèmi.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí á sọ àwọn ọ̀dọ́ di ọ̀lẹ. Àbí? Ẹ rántí àwọn bàbá wa tó ń ta ayò lábẹ́ igi lẹ́yìn tí wọ́n bá toko dé. Ta ló pè wọ́n ní ọ̀lẹ?

Nígbà tí à ń padà sílé ni mo rántí ohun kan tó ti pẹ́. Mo wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá mi, à ń toko bọ̀. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Bàbá mi wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bàbá mi pariwo, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ó gbójú, ó ní, "Má sọ fún ìyá rẹ o."

N kò sọ fún ìyá mi rí. Ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún yìí. Ẹ ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ará, n kò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ṣì kéré, tí kẹ̀kẹ́ sì wà nílé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ará àdúgbò ni yóò kọ́ ọ.