Àkàrà Èlíjà

Ibi kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-8

Èmi ni arákùnrin tó máa ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ní ìpàdé wa, tí kì í ṣí fìlà nígbà àdúrà. Àwọn kan nínú yín ti bá mi wí lórí fìlà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Jẹjẹrẹ wà nínú ọpọlọ mi. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì níbí ni gìrì kọ́kọ́ mú mi nínú kíláàsì. Àwọn kan sá, wọ́n ní wárápá ni, pé itọ́ ẹnu mi lè ràn wọ́n. Wárápá kì í ràn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán orí mi ni wọ́n rí kókó náà. UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962. Wọ́n yọ èyí tí wọ́n lè yọ. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gba ìtànṣán radiotherapy, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àpá iṣẹ́ abẹ àti ibi tí irun kò ti hù mọ́ ni fìlà mi ń bò.

Báyìí, aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́ ni mo ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí gìrì mú mi. N kì í ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ mọ́ra, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Bí mo bá gbọ́ lẹ́kítọ̀ wákàtí kan, mo lè sun wákàtí méjì. Nígbà mìíràn, mo lè mú ṣíbí lọ́wọ́ kí n má rántí orúkọ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ní ìṣọ́ òru kan, oníwàásù kan gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní Olúwa ti wò mí sàn, pé ẹni tó bá tún gbé oògùn mì, àìgbàgbọ́ ló ń bá a jà. Mo ṣe "Àmín" kíkankíkan. Mo da oògùn mi nù. Ní ọjọ́ kẹta, gìrì mú mi nínú yàrá, mo sì gé ahọ́n ara mi jẹ. Nígbà tí mo jí, ìtìjú dùn mí ju ahọ́n lọ. Mo rò pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ó tó gẹ́ẹ́, kí Ó kúkú máa mú mi lọ.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kò wàásù fún mi. Ní òwúrọ̀, ó ra àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó gbé omi tì mí, ó sì fi owó ara rẹ̀ ra oògùn mìíràn. Ó ní, "Jẹun ná. A óò sọ̀rọ̀ tó bá yá." Mo jẹ, mo lo oògùn, mo tún sùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún jí mi pé kí n jẹun.

Ọ̀sẹ̀ náà ni mo ka ìtàn Èlíjà, tí ojú mi là. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iná tó bọ́ láti ọ̀run ní òkè Kámẹ́lì ni, síbẹ̀ ó bẹ̀bẹ̀ fún ikú lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì kò bi í pé níbo ni ìgbàgbọ́ àná wà. Àkàrà àti omi ló gbé wá, ó jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún jí i láti jẹun lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Jésébẹ́lì kò kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Èlíjà rí okun rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù.

Ará, Jésébẹ́lì tèmi náà kò tíì kú. Lóṣù tó ń bọ̀, wọn yóò tún ya àwòrán ọpọlọ mi, n kò sì mọ ohun tí yóò fi hàn. Mo gbà pé Ọlọ́run lè wò mí sàn, mo sì ń bẹ̀ Ẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fi àwòrán náà wọn ìfẹ́ Rẹ̀ sí mi mọ́. Oògùn aago méje jẹ́ àkàrà tí Ó ń gbé tì mí.

Ìwọ tí ara rẹ kò yá, má ṣe da oògùn nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Ẹ̀yin tí ara yín le, bí ẹ bá rí aláìsàn, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ bá a kọ nóòtì. Ẹ bá a rìn dé kíláàsì.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní okun tó tó ìrìn òní. Fi wá ṣe ẹni tí yóò gbé oúnjẹ lọ bá ẹni tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.