Èrè Ìrìn Àyípo

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ bi ara rẹ̀ kí ó tó dàgbà. Bí ènìyàn bá ṣe làálàá láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí ó sì padà sí ibi tí ó ti gbéra gan-an láìmú ohunkóhun bọ̀, ǹjẹ́ ó jèrè, tàbí asán ni gbogbo wàhálà rẹ̀?

Àwọn baba wa kò ka ìrìn asán sí. Bí àgbẹ̀ bá lọ sí oko, iṣu ni yóò rù bọ̀. Bí alájàpá bá lọ sí ọjà, owó tàbí ẹrù ni yóò kó wálé. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere sì dé ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ni wọ́n fi í ṣe: ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko, ó ń gbé akọ̀wé lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì ń gbé olùkọ́ láti abúlé kan dé èkejì. Bí ẹnìkan bá sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó, kí òun yí igbó náà ká, kí òun sì jáde ní ẹnu ọ̀nà tí òun gbà wọlé, wọn ìbá bi í pé, "Kí ni o lọ mú bọ̀ níbẹ̀?"

Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lónìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìbílẹ̀ a máa dá apá igbó kan sí gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo ará ìlú. Wọn a sì la ọ̀nà tóóró kan sínú rẹ̀, tí yóò yí po bí ìlẹ̀kẹ̀ ti í yí ọrùn ká. Kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a ń gùn lórí ọ̀dà. Táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní eyín tí ó fi ń di ilẹ̀ mú. Irin rẹ̀ le, kí ó lè gba orí gbòǹgbò àti òkúta kọjá. Ní Marin ní California, lára òkè Tamalpais, ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ eré yìí di ńlá lẹ́yìn ọdún 1970. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó wúwo ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, búréèkì rẹ̀ a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ fi ń jóná, wọn a sì ní láti fi òmíràn sí i kí wọ́n tó tún sáré. Ní ọdún 1977 Joe Breeze ṣe kẹ̀kẹ́ tí a dìídì ṣe fún eré náà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1996, ní ìlú Atlanta, eré náà wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé ní Ire-Àkárí, ní Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, lè wí pé ọ̀ràn yìí jìnnà sí yín, nítorí ilé ni ó kún àdúgbò yín, kì í ṣe igbó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní ẹnu géètì ilé bàbá rẹ̀, tí ó yí àdúgbò ká, tí ó sì padà sí ẹnu géètì kan náà, òun pẹ̀lú ti bá ìbéèrè wa pàdé. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín òun àti àbúrò rẹ̀ tí ó ti jókòó sí ẹnu géètì láti àárọ̀? Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ìdáhùn mi ni pé ìyàtọ̀ náà kò sí ní ibi tí wọ́n wà. Inú àwọn fúnra wọn ni ó wà. Ẹni tí ó yí igbó ká ti bá òkè pàdé, ó sì ti mọ ibi tí èémí òun mọ. Ó ti kọ́ pé ṣáájú kọ́nà ni a ń tẹ búréèkì, kì í ṣe ìgbà tí a bá ti wọ inú rẹ̀ tán, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ti kọ́ pé ibi tí a fẹ́ gbà ni à ń wò, kì í ṣe òkúta tí à ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ òkúta, orí òkúta náà ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò gbà. Ẹni tí ó jókòó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà di ara fún.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹnì kẹta. Ọkùnrin yìí wọ inú igbó pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú kò tó o mọ́, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gé àárín igbó kọjá, ó sì jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣáájú gbogbo wọn. Àwọn tí ó ń wòran pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ni ó rẹ́ jẹ? Ní ọ̀nà kìíní, ó rẹ́ ara rẹ̀ jẹ, nítorí bí ó ti wọlé ni ó ṣe jáde. Ní ọ̀nà kejì, ó rẹ́ gbogbo ìlú jẹ. Ipa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀nà. Ẹlòmíràn yóò tọ̀ ọ́, òjò pẹ̀lú yóò sì tọ̀ ọ́, yóò wọ́ ilẹ̀ lọ títí gbòǹgbò igi yóò fi hàn síta. Igbó tí a dá sí fún gbogbo ènìyàn a sì bàjẹ́ nítorí ìkánjú ẹnìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Ẹni tí ó kàwé lóru àti ẹni tí ó jí ìdáhùn wò lè gba ìwé ẹ̀rí kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò nílò ìwé tí ó wà lára ògiri. Ohun tí ó wà nínú orí dókítà ni yóò wò ó sàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn akópa nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ti ìlú London gun irú kẹ̀kẹ́ yìí ní Hadleigh, ní Essex, wọ́n sì yí ọ̀nà kan náà ká lọ́pọ̀ ìgbà. Jaroslav Kulhavý, ọmọ ilẹ̀ Czech, ni ó gba wúrà. Adrien Niyonshuti, ọmọ ilẹ̀ Rùwáńdà, wà láàrín wọn. Ọmọdé ni nígbà ìpakúpa ọdún 1994, nínú èyí tí a pa ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀. Òun ni ó sì gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ wọ pápá ìdíje náà. Ipò 39 ni ó gbà. Kò gba wúrà, kò gba fàdákà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò sọ pé asán ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́, tí ó pa iṣẹ́ náà tì nítorí kẹ̀kẹ́, kò rí èrè kankan lójú ọ̀nà. Gbèsè ni ó jẹ bọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ń sáré àsápajúdé láàrín àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ibikíbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá jọ ń lo ọ̀nà, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni ó yẹ kí ó rọra, kí ó sì yà fún àgbàlagbà àti ọmọdé. Ire àkárí ni ire tí ó kárí gbogbo ènìyàn. Bí ìgbádùn ẹnìkan bá ti ń ṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, kò kárí mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Gbogbo wa ni yóò padà sílé nírọ̀lẹ́, akíkanjú àti ọ̀lẹ, olóòótọ́ àti ẹlẹ́tàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe máa bèèrè ohun tí ẹ mú bọ̀ lọ́wọ́ nìkan. Ẹ máa bèèrè irú ènìyàn tí ó padà dé. Ẹ yí ọ̀nà yín ká pé, kódà nígbà tí kò sí ojú tí ń wò yín.